Orúkọ Signora Elvira Ni Mo Fi Ń Wò Ó

"Olesea ọmọ-ọmọ Agafia! Sáré wá gba ìyá rẹ kí n tó gbé e fún ẹlòmíràn!"

Ghenadie ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń kó ẹrù láti Ítálì wá sí abúlé wa, Valea Nucului, ní orílẹ̀-èdè Mòlídófà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kò sí ilé kan lábúlé wa tí kò ní ẹnì kan lókè òkun. Nítorí náà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa máa ń dúró sí nínú òjò dídì, tí a ó máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ nítorí òtútù títí ọkọ̀ náà yóò fi dé. Níbẹ̀ ni àwa ọmọ ti ń gba ìyá wa nínú páálí.

Mo gba tèmi. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá Ghenadie."

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀ nà! Ọ̀nà tó tó ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà ni mo ti gbé e bọ̀."

N kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo ń bínú sí i. Ẹ̀rín ni kò sí níbẹ̀.

Kọfí wà nínú páálí náà, òróró ólífì wà níbẹ̀, bàtà kan sì wà níbẹ̀ tó fi nọ́ńbà kan kéré jù fún mi. Ọdún mẹ́ta ni Màámi ti lọ. Ẹsẹ̀ tí mo ní nígbà tó ń lọ ló ṣì ń ra bàtà fún. Lábẹ́ bàtà náà ni mo ti rí ohun dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, pẹ̀lú rìmóòtù kékeré àti wáyà. Ẹ̀rọ tó ń fa fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sínú tẹlifíṣọ̀n ni.

Ní ti àwa ará ibí, yàrá tó dára jù nínú ilé kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé inú ilé náà. Ti àlejò ni, àti ti òkú. Ibẹ̀ ni a máa ń kó kápẹ́ẹ̀tì tó rẹwà jù sí, ibẹ̀ ni ẹrù ìyàwó máa ń wà, a kì í sì í dáná síbẹ̀ àfi bí àlejò bá ń bọ̀. Nígbà tí Màámi fi tẹlifíṣọ̀n ńlá ránṣẹ́ ní ọdún kejì, ibo ni Màmá Agafia, ìyá àgbà mi, tún fẹ́ gbé e sí? Ó gbé e síbẹ̀, ó fi aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó ọnà sí bò ó, ó sì padà sídìí ààrò ilé ìdáná lọ gbọ́ rédíò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó dára jù ládùúgbò rèé, kò sí ẹni tó ń wò ó.

Yàrá yẹn náà ni a tẹ́ òkú Bàbá àgbà sí ní oṣù kọkànlá. Màámi kò rí àyè wá, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a dúró ti Signora Elvira, ìyáàfin arúgbó tó ń tọ́jú ní Ítálì, nítòsí ìlú Padova. Èmi ni mo fi fóònù hàn án. Wákàtí méjì ni mo gbé fóònù náà dúró lókè pósí, kí Màámi lè rí ojú bàbá rẹ̀, kí ó sì sunkún tó bó ṣe fẹ́. Ọwọ́ mi kú. Nígbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, mo retí kí ọwọ́ náà jí. Ó jí lóòótọ́, àmọ́ ìyókù ara mi ló wá kú dípò rẹ̀. N kò sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi kò bàjẹ́, inú mi kò dùn. Mo kàn wà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹsàn-án sì ń bọ̀ ní oṣù kẹfà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà, Màámi pè mí kí a jọ to ẹ̀rọ náà. Mo wọ kóòtù wọ yàrá àlejò, mo gbé fóònù sórí àga.

"Ṣé o ti kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n?"

"Mo ti kì í bọ̀ ọ́."

"Wáífáì ńkọ́?"

"Ó ti gbà á. Ó ní kí n yan èdè."

"Yan Ítálì. Ará ibẹ̀ ló ni àkántì náà, èdè wọn nìkan ló gbọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó máa fi lẹ́tà mẹ́fà kan hàn ọ́ báyìí. Rọra pè é fún mi."

Mo pè é, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níbẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ojú tẹlifíṣọ̀n yí padà, àwòrán orí kékeré méjì sì yọ, ọ̀kan lábẹ́ orúkọ Loris, èkejì lábẹ́ orúkọ Elvira. "Ta ló ń wò ó?" ni ẹ̀rọ náà bèèrè.

"Tẹ Elvira," ni Màámi wí. "Má dá orúkọ tuntun sílẹ̀ o. Signora fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n fún ọmọ mi lò. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan mọ́. Ohun tó sọ lónìí, kò ní í rántí lọ́la. Ọ̀gá Loris ọmọ rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀, òun kò sì mọ̀ sí i."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

"Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan o, aago méje tiyín, mẹ́fà tiwa. Èmi àti Signora á jókòó síwájú tiwa, ìwọ á jókòó síwájú tìrẹ, a ó jọ máa wò ó. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn, Olesea. Kí á ṣáà jọ jókòó."

A sì jọ jókòó. Ìdíje àwọn aṣebúrẹ́dì ni Signora Elvira fẹ́ràn. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ bí Màámi ṣe ń mí. Íńtánẹ́ẹ̀tì tiwọn yá ju tiwa lọ, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé kí ohun ẹ̀rín tó dé. Bí búrẹ́dì ẹnì kan bá fẹ́ wó, Màámi á ti rẹ́rìn-ín, èmi á wá dúró de búrẹ́dì tó ń bọ̀ wá wó.

"Ó dùn, àbí kò dùn?" ni yóò bèèrè.

"Ó dùn," ni n óò dáhùn.

Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́, mo sì rò pé kékeré ni.

Ní iléèwé, fíìmù àtìgbàdégbà kan láti Tọ́kì ló wà lẹ́nu gbogbo kíláàsì wa. Ọmọ olówó kan ló fẹ́ fi ọmọ agbọ́únjẹ ilé wọn ṣaya, bàbá rẹ̀ sì yarí kanlẹ̀. Apá ọgọ́fà ni. Doriana, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ní ọjọ́ Ajé kan, dípò kí n lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún tí Ọ̀gbẹ́ni Țurcanu, olùkọ́ ìṣirò wa, máa ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti aago méjì sí aago márùn-ún, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo ṣí yàrá àlejò, mo sì tẹ Elvira.

Ẹ má rò pé mo gbádùn rẹ̀ o. Òtútù yàrá náà pọ̀ débi pé mo ń rí èémí ẹnu mi. Mo fa kúbùsù onírun tí Màmá Agafia hun sílẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó mi jáde nínú àpótí, mo fi wé ara mi, mo ń jẹ kóró òdòdó oòrùn, mo ń tu èèpo rẹ̀ sábẹ́ àga bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ní ìdúró ọkọ̀. Apá kan á parí, èkejì á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò ní láti fẹ́ ohunkóhun. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà á dúró, á bi mí pé, "Ṣé ẹ ṣì ń wò ó?" N óò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lọ́dún náà, òun nìkan ni mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ní aago márùn-ún, n óò pa á, n óò gba ẹ̀yìn jáde, n óò sì gba iwájú wọlé tariwo tariwo.

"Báwo ni ẹ̀kọ́ lónìí?" ni Màmá Agafia máa ń béèrè nídìí ààrò.

"Ó lọ dáadáa, Màmá."

"Ó dáa. Wá jẹun, ọwọ́ rẹ tutù bí ọwọ́ òkú."

Ọjọ́ kan, apá mẹ́rin. Mo sì gbọ́n o, bí olè ṣe máa ń gbọ́n. Kí Sọ́ńdè tó dé, mo máa tẹ ìdíje àwọn aṣebúrẹ́dì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó lè bọ́ síwájú nínú ohun tí wọ́n ti wò, kí fíìmù tèmi sì sá sẹ́yìn níbi tí Màámi kò ní í rí i. Fíìmù náà ti wọ mí lẹ́wù débi pé mo ti ń gbọ́ èdè Ítálì tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ láìmọ̀.

Doriana rí mi lọ́nà lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gbẹ́ni Țurcanu ń bèèrè rẹ. O ò wá sí ẹ̀kọ́ mọ́."

"Orí ló ń fọ́ mi."

"Orí wo ló ń fọ́ fún odindi oṣù kan? Orí ni àbí ìkòkò?" Ó wò mí lójú. "Olesea, kí ló ṣe ọ́ gan-an?"

"Kò sí nǹkan kan." Òótọ́ sì ni. Nǹkan kan kò sí.

Mo ti dé apá kẹtàdínláàádọ́rùn-ún nígbà tí Màámi pè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ìparí oṣù kejì. Kì í pè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Signora ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀ àná," ló wí. "Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ilé ìpoògùn ni mo lọ, Olesea, n kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọ̀gá Loris wá. Ó tan tẹlifíṣọ̀n kí ìyá rẹ̀ lè gbàgbé ìrora, ló bá rí i pé ẹnì kan ti wo apá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún fíìmù kan lórúkọ ìyá òun. Ọjọ́ kan, apá mẹ́rin, ọ̀sán gangan. Ó ní èmi ni mo máa ń jókòó ti fíìmù láti ọjọ́ yìí tí ìyá òun fi ṣubú. Ó ní kí n máa di ẹrù mi."

Mo gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Olesea, ìwọ ni?"

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, bí apá tuntun ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan. "Rárá o, Màámi. Sọ́ńdè nìkan ni mo ń wò ó."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni. Ó ní láti jẹ́ pé Signora ló ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bá ń fọ aṣọ."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo dúró sójú kan, mo ń retí kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé bí mo bá dákẹ́, bí mo bá kàn dákẹ́ bí mo ṣe ń dákẹ́ láti oṣù kọkànlá, Màámi ń bọ̀ wálé ní Sátidé. Kì í ṣe nínú páálí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ghenadie, á sì rí i pé ẹsẹ̀ mi ti tóbi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tọrọ rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló sì kù kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́.

Ní Ọjọ́rú, Màmá Agafia pa adìẹ. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ wá bá ilé tó tutù, ló bá gbé igi lọ sí yàrá àlejò láti dáná. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa àga. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Olesea, wá."

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Èèpo kóró òdòdó oòrùn ló gbá jọ síwájú rẹ̀, òkìtì rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kúbùsù ìgbéyàwó mi wà lórí àga bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

"Mo rò pé eku ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n eku ilé wa kò mọ rìmóòtù í lò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúbùsù náà.

"Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti fi sàréè bàbá òun búra fún ọkùnrin yẹn, pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe ọmọ òun." Ó rọra dìde, ó di àga mú. "Ààdọ́ta ọdún ni mo fi bá bàbá yẹn gbé, n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú yàrá yìí ló sùn sí kẹ́yìn. Òun ni wọ́n wá fi ń búra báyìí."

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo ti ń jókòó nínú òtútù yàrá náà fún oṣù kan gbáko, ọjọ́ yẹn tí iná ń jó ni mo tó mọ̀ pé ó tutù.

"Màmá, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní lé Màámi mọ́. Wọn ò ní í wálé."

"Ṣé o rò pé èmi kò fẹ́ kó wálé ni?" Omi lé sí i lójú. "Mo ti pa adìẹ! Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí, Olesea. Kò gbọdọ̀ fi orúkọ burúkú wọlé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó sọnù, a lè rí òmíràn. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ lọ jìnnà, abẹ́ àga níbí ni mo ti bá a."

Nọ́ńbà ilé Signora Elvira wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé ìdáná, pé bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí a pè é. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan gbé e.

Gbogbo Ítálì tí mo gbọ́ nígbà náà, ẹnu àwọn olówó inú fíìmù yẹn ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ wọn jà. Kò sí èyí tó ṣe wẹ́kú nínú rẹ̀, àmọ́ òun ni mo ní.

"Ọ̀gá mi," ni mo wí, "èmi ni ọ̀dàlẹ̀ ilé yín!"

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ obìnrin tí ẹ ń lé lọ ni mí! Ẹ má ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ jáde sínú òjò!"

"Òjò kò rọ̀ níbí," ló wí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ń wo fíìmù náà. Láti Mòlídófà. Màámi kò mọ̀. Wọ́n bi mí, mo sì purọ́ fún wọn."

"Ìyá rẹ ló ní kí o pè mí, kí o wá sọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá. Níbo ni wọ́n wà?"

"Ó wà níwájú mi níbí, ó ń fún ìyá mi lóúnjẹ."

"Kò sí rìmóòtù lọ́wọ́ wọn?"

"Ṣíbí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo orúkọ Signora. Apá wo ni ẹni tó ń wò ó dé dúró?"

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan tàn. "Kẹtàdínláàádọ́rùn-ún," ló wí.

Mo gbé fóònù dání, mo wọ yàrá àlejò, mo tan tiwa, mo tẹ Elvira, mo sì tẹ apá tó kàn. Orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mo jẹ́ kó lọ fún ìṣẹ́jú kan, Màmá Agafia dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jáde níbẹ̀, Ọ̀gá, kí ẹ tún wọlé. Ẹ wò ó báyìí."

Mo gbọ́ tó ń tẹ rìmóòtù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kejìdínláàádọ́rùn-ún," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń pe orúkọ Màámi, tí ṣíbí sì kan àwo.

Màámi gba fóònù. Mo retí igbe. N kò gbọ́ igbe.

"Inú yàrá àlejò yẹn ni o ń jókòó sí? Láti oṣù kìn-ín-ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Yàrá yẹn tutù, Olesea," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ní Sátidé, Ghenadie dé, Màámi kò sí nínú ọkọ̀. Ọ̀gá Loris ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ padà sí yàrá, ó sì tọrọ àforíjì, àmọ́ ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkántì náà padà, ó sì sọ fún Màámi pé òun ìbá fẹ́ kó ti sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó fún ọmọ rẹ̀ lò. Màámi ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Sọ́ńdè méjì tẹ̀ léra, kò pè mí. Aago méje á lù, n óò jókòó ti fóònù, fóònù kò ní í ké. Mo ti sọ òtítọ́, n kò sì rí ẹ̀bùn kankan gbà. Adìẹ Màmá Agafia ni àwa méjèèjì jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e padà fún Ghenadie pẹ̀lú èso igi wóóánútì kílò méjì kí ó gbé e fún Màámi. Mo padà sí ẹ̀kọ́ Ọ̀gbẹ́ni Țurcanu. "Àlejò pàtàkì!" ló wí lọ́jọ́ náà. "Ẹ fún un ní àga." Ìdánwò àdánwò tí mo ṣe, mẹ́ta ni mo gbà nínú mẹ́wàá. Doriana ti ìwé rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Àjíǹde ni ọjọ́ Blajini, ọjọ́ tí gbogbo wa máa ń lọ jẹun pẹ̀lú àwọn òkú wa ní itẹ́. Ẹni tí kò wálé ní Kérésìmesì máa ń wálé ní ọjọ́ yẹn. Màámi wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò. "Yéè," ló wí, "o ti ju bàtà mi lọ." Kò gbá mi mọ́ra. Kò sì bá mi jà.

Ní itẹ́, a tẹ́ aṣọ sórí sàréè Bàbá àgbà, a to ẹyin pupa àti búrẹ́dì lé e. Màámi bu ọtí wáìnì díẹ̀ sí ilẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "mo fi ọ́ búra, irọ́ ni mo sì búra. N kò mọ̀ pé irọ́ ni. Dárí jì mí." Ó wá wò mí.

Mo mọ ohun tó kàn. "Èmi ni, Bàbá àgbà," ni mo wí. "Èmi ni mo purọ́, tí Màámi fi..."

Màámi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an tí mo fi gbé fóònù lókè pósí, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná. Ẹkún tó jáde lẹ́nu mi ba èmi gan-an lẹ́rù. Mo sunkún débi pé àwọn tó wà ní sàréè kejì gbé oúnjẹ wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń wò wá.

"Ẹ jẹ́ kó sunkún," ni Màmá Agafia wí fún wọn. "Ẹkún oṣù kọkànlá nìyẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Nígbà tí mo dákẹ́, Màámi bi mí léèrè jẹ́jẹ́, "Kí ló dé tí o kò dákẹ́? Ǹ bá ti wálé."

"Ẹ̀ bá ti wálé lóòótọ́, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé ni ì bá wọlé, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó bó ẹyin kan, ó fún mi ní ìdajì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, n kò ní fi gbogbo ẹnu sọ pé òtítọ́ máa ń sanwó fún ẹni tó bá sọ ọ́. Tèmi gba ìyá mi lọ́wọ́ mi fún ọdún kan sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irọ́ tí ẹ bá pa láti fi gba ara yín, orí ẹlòmíràn ló máa ń balẹ̀ sí, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tó fi sàréè bàbá rẹ̀ búra nítorí yín. Bí ara yín bá kú bí tèmi ṣe kú, ẹ wá ẹnì kan sọ fún. Ẹ má lọ máa fi fíìmù bò ó nínú yàrá òtútù.

Mo yege ìdánwò náà ní oṣù kẹfà, díẹ̀ báyìí ló kù kí n fìdí rẹmi. Màámi ti sanwó àkántì tirẹ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tèmi àti ti Màmá Agafia, Ghenadie sì ti gbé ẹ̀rọ náà padà wá. Kí Màámi tó padà sí Ítálì lẹ́yìn Blajini ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kúrò ní yàrá àlejò wá sí ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Màmá Agafia ráhùn pé èéfín máa bà á jẹ́. Òun náà ló kọ́kọ́ máa ń jókòó ní aago méje ní Sọ́ńdè.